Lẹ́tà sí Àwọn Tó Wà Lókèèrè



Ọ̀kan nínú yín pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti dé ìlú tó wà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sì tíì jáde. Orí fóòmù tó tẹ́ sílẹ̀ ló ń sùn, kò ra bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò gba fọ́ọ̀mù. Wòlíì kan ló sọ fún un pé kò ní pẹ́ mọ́, nítorí náà kí ló fẹ́ fìdí kalẹ̀ ṣe? Ó wá ka Jeremáyà orí 29 ẹsẹ 11 sí mi létí láìwo ìwé. Mo bi í pé kí ló wà ní ẹsẹ 10. Kò mọ̀ ọ́n.

N kò bá a wí. Ẹsẹ 11 wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ akérò, ó wà nínú káàdì ìgbéyàwó. Ta ló ń kọ ẹsẹ 10 sára ọkọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a gbé lẹ́tà náà kalẹ̀, nítorí lẹ́tà ni. Ní nǹkan bí ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó ọba Júdà, ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Jeremáyà kò sí lára wọn. Ilé ló wà tó ti kọ̀wé sí wọn, ó sì fi rán àwọn ìránṣẹ́ ọba Sedekáyà tó ń lọ sí Bábílónì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n sì gbé inú rẹ̀, kí wọ́n dá oko, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n fi ọmọ fọ́kọ. Ó ní kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Ó ní kí wọ́n má ṣe gbọ́ ti àwọn wòlíì tó wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ iye ọdún: 70. Ẹ̀yìn èyí ni ẹsẹ 11 wá.

Ẹ rò ó wò. Bàbá ẹni 40 ọdún tó gbọ́ lẹ́tà yẹn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa sin òun sí. Ìlérí náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Bí ẹ bá ṣí ìwé padà sí orí 28, ẹ máa rí ìdí tí lẹ́tà náà fi le tó bẹ́ẹ̀. Hananáyà ti dúró nínú tẹ́ńpìlì, ó ní ọdún méjì péré ni. Ó já àjàgà igi kúrò lọ́rùn Jeremáyà, ó sì ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo ènìyàn. Mo lérò pé àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún yẹn kò tíì parí tó fi kú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nǹkan kékeré ni kéèyàn gé Ìwé Mímọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú ní àwọn erékùṣù West Indies. Nínú orí 1,189 tó wà nínú Bíbélì wa, nǹkan bí 232 péré ni wọ́n fi sí i. Ìtàn Jósẹ́fù wà níbẹ̀, torí ẹrú tó gbọ́ràn ni. Láti Jẹ́nẹ́sísì 45 ni wọ́n ti fò lọ sí Ẹ́kísódù 19: ẹni tó ń kà á kò ní rí Mósè níwájú Fáráò, kò ní rí Òkun Pupa. Éfésù 6 ẹsẹ 5, tó ní kí ẹrú gbọ́ràn sí ọ̀gá, wà níbẹ̀. Gálátíà 3 ẹsẹ 28, tó ní kò sí ẹrú, kò sí òmìnira nínú Kristi, kò sí níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ irọ́ kan tí wọ́n fi kún un. Gígé nìkan ni wọ́n gé e.

Kí a má sì nawọ́ sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Southern Baptist Convention dá sílẹ̀ ní Augusta, ní Georgia, ní 1845, nígbà tí àwọn Onítẹ̀bọmi ìhà àríwá Amẹ́ríkà kò gbà kí ẹni tó ní ẹrú di míṣọ́nnárì. Convention yìí kan náà ló rán Bowen, tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850, tí iṣẹ́ náà sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún Bowen títí dòní, síbẹ̀ n kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Ọdún 1850 tí Bowen dé yẹn náà ni ìwé Róòmù jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Kì í ṣe ẹsẹ mélòó kan ló tú. Odidi lẹ́tà ni, láti ìkíni Pọ́ọ̀lù títí dé Àmín. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé yòókù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo Bíbélì fi pé ní àwọn ọdún 1880, àti Òkun Pupa àti Gálátíà.

Ní ti Minna tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ Gbàgyí ni. Rélùwéè ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, nígbà tí ọ̀nà irin Èkó àti ti Baro sí Kánò pàdé níbí ní nǹkan bí ọdún 1911. Àwọn baba wa tó bá ọjà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ibòmíràn máa ń sọ pé, “Ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń lọ sílé.” Àwọn kan sọ ọ́ títí wọ́n fi sin wọ́n síbí. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́lé, wọ́n gbọ́ Haúsá, àwọn mìíràn gbọ́ Núpé, wọ́n sì ń gbàdúrà fún ìlú yìí.

Lẹ́tà Jeremáyà kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ṣemáyà, tó wà ní Bábílónì, fi ìbínú kọ̀wé padà sí Sefanáyà àlùfáà pé kí ló dé tí kò tíì fi àbà kan ẹsẹ̀ Jeremáyà, ẹni tó ní ìgbèkùn náà máa pẹ́, tó ní kí wọ́n kọ́lé. Ìyẹn náà wà ní orí 29 kan náà, lápá ìparí.

Mo ka orí 27 dé 29 sórí fóònù, mo sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí arákùnrin wa lórí WhatsApp. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó kọ̀wé pé, “Ẹ ṣé, sà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yẹn kẹ́yìn.”