Tòkunbọ̀: Ohun Tí Ìjọba Sẹ́, Tí Ọjà Ládìpọ̀ Kò Gbàgbé

Bí ẹ bá wọ ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin láti ra páàtì ọkọ̀, ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ṣé tuntun lẹ fẹ́ ni àbí tòkunbọ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í rò ó mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé ni Yorùbá ń sọ ní Tòkunbọ̀. Báwo ni orúkọ ọmọ ṣe wá di orúkọ ẹ́ńjìnnì àlòkù? Ìtàn náà kò ṣẹ̀yìn àwọn olórí tó ní kò séwu nígbà tí ewu ti wọlé.

Ní 1980, Nàìjíríà ń wa epo rọ̀bì tó lé ní mílíọ̀nù 2 àgbá lóòjọ́. Owó epo ọdún náà súnmọ́ bílíọ̀nù 25 dọ́là, náírà kan sì níye lórí ju dọ́là kan lọ. Volkswagen ń to ọkọ̀ tuntun pọ̀ l'Ékòó, Peugeot ń tò ó ní Kàdúná, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń yáwó rà á. Ṣùgbọ́n láàárín 1981, epo pọ̀ ju olùrà lọ lágbàáyé, àwọn oníbàárà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Ọdún yẹn ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, aṣíwájú ẹgbẹ́ UPN, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Ààrẹ Shehu Shagari. Ó kìlọ̀ pé ọkọ̀ ìlú ti forí lé àpáta. Ẹni tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà ogun abẹ́lé ló ń sọ̀rọ̀. Àpò ìjọba kò ṣàjèjì sí i. Ká fi òwe sọ ọ́, èsì ìjọba ni pé kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò: ọrọ̀ ajé dúró dáadáa, òṣèlú ni alátakò ń ṣe. Lóòótọ́, alátakò ni Awólọ́wọ̀, ó sì rọrùn fún ẹni tí kò sí lórí àga láti sọ òótọ́. Àmọ́ ẹnu alátakò kì í sọ òótọ́ di irọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹrin 1982, Shagari fúnra rẹ̀ lọ síwájú ilé aṣòfin láti gba òfin ìṣọ́wóná. Wọ́n dín ọjà òkèèrè kù. Àwọn tó ń to ọkọ̀ kò rí páàtì tó mọ́, nítorí òkèèrè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Òótọ́ ti dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Gbèsè ti ń gorí gbèsè. Ìjọba tún wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, wọ́n lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Ghana ló pọ̀ jù. Àpò tí wọ́n fi kẹ́rù ni à ń pè ní "Ghana Must Go" dòní. Wọ́n lọ tán, ọjà kò dínwó. Ní 31 oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba.

Ibrahim Babangida gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹwàá 1985, ó kéde gbangba pé ọrọ̀ ajé wà ní ipò pàjáwìrì, ó sì ní kí ará ìlú jíròrò bóyá ká yáwó lọ́wọ́ IMF. Ará ìlú ní rárá, ìjọba ní àwọn gbọ́. Àmọ́ nígbà tí SAP dé ní 1986, púpọ̀ nínú ohun tí IMF ń béèrè ló wà nínú rẹ̀. Ó sọ òótọ́ nípa àìsàn, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé oògùn tí a kọ̀ wọlé. Náírà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba di náírà 4 sí dọ́là kan ní 1987. Ní oṣù karùn-ún 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa jáde sí ìgboro. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì ti àwọn yunifásítì kan pa.

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tuntun bọ́ kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Èyí tí òyìnbó ti lò ló gbòde, ẹnu Yorùbá sì fi orúkọ ọmọ àtàtà bo ìtìjú rẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òtítọ́ ọdún 1981 kùtà, àwa la sì ń sanwó èké náà. A kò sọ pé bí olórí bá sọ òótọ́, ebi ó tán. Ohun tí à ń sọ ni pé àkókò tó wà láàárín lẹ́tà Awólọ́wọ̀ àti òfin Shagari ni ìlú ì bá fi ṣú nǹkan ná, kí ọwọ́ tó há. Nígbà tí àjọ ìṣirò kéde ní oṣù kẹjọ 2016 pé ọrọ̀ ajé ti ń sún sẹ́yìn fún ìdajì ọdún, ẹni tó ń ra páàtì ní Ládìpọ̀ ti kà á tipẹ́ lára iye owó.

Ẹ bi àwọn òbí yín nílé: ọdún wo ni ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ra ọkọ̀ tuntun kẹ́yìn?