Ẹnu Òǹwòran Ni Òṣùwọ̀n Eré

Àwọn baba wa kì í ṣèèṣì sọ nǹkan lórúkọ. Ní ọdún 1939 tí rédíò oníwáyà tí wọ́n ń pè ní Rediffusion wọ Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, tí wọ́n sì ń gbé àpótí kékeré kọ́ ara ògiri fún àwọn tí apá wọn ká owó rẹ̀ lóṣooṣù, àwọn àgbà jókòó tì í, wọ́n gbọ́ ìròyìn, wọ́n gbọ́ orin, wọ́n gbọ́ àṣẹ ìjọba, wọ́n sì rí i pé ẹnu ni àpótí yìí ní, kò ní etí. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Oríkì ni orúkọ náà, ẹ̀sùn sì ni pẹ̀lú, nítorí pé lójú Yorùbá, ọba aláṣẹ èkejì òrìṣà pàápàá, bó ti wù kí adé rẹ̀ wúwo tó, ní àwọn ìjòyè tí ń fún un lésì ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí èyí tó ní àwòrán dé lẹ́yìn ogún ọdún, Amóhùnmáwòrán ni wọ́n pè é, orúkọ tó yin ọwọ́ tó mú wá tí kò sì bu ẹnu àtẹ́ lu etí tó ṣaláìní. Ṣùgbọ́n èsì tí àpótí kò lè gbà, àwọn òǹwòran ti ń fún un láti alẹ́ àkọ́kọ́, lójú fèrèsé, ní ojúde, lọ́jà, ní ibùdókọ̀. Ìtàn èsì yẹn ni a fẹ́ sọ.

Bí a bá tilẹ̀ wò ó dáadáa, ọ̀ràn èsì náà ló bí amóhùnmáwòrán fún wa. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ó dábàá pé kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ńlá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Action Group, sì bínú jáde. Gómìnà ìgbà náà, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó nà wọ́n lẹ́gba ọ̀rọ̀ létí gbogbo ayé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fi ẹnu sí rédíò kan náà láti fèsì, wọ́n ní kò sí àyè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Nígbà tí òfin ọdún 1954 wá fún ìjọba ẹkùn kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn tirẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí kò sùn, kò wo. Wọ́n dòwò pọ̀ mọ́ Rediffusion ti òkè òkun, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wọn, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, Àníkẹ́ Àgbájé-Williams sì ni ojú tí àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rí. Ìdí tí ìjọba sọ fáyé ni pé ẹ̀rọ náà yóò ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, bẹ́ẹ̀ ló sì rí; ṣùgbọ́n ìdí tó wà nísàlẹ̀ ikùn ni pé a kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ̀rọ̀ sí wa kí a má lè dá a lóhùn mọ́. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n kọ sára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Áfíríkà ti ní tiwọn ṣáájú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé tó ní ẹ̀rọ yìí kò pọ̀: ilé lọ́yà, ilé ọ̀gá ní sẹkitéríàtì, ilé oníṣòwò kòkó tó rí kókó mú nínú owó ọdún náà. Àwọn aládùúgbò tó kù ń bẹ lójú fèrèsé. Bí ó bá ku díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọmọdé a ti fọ abọ́ láìjẹ́ pé a rán an, a ti wẹ̀, a ti fi òróró pa ẹsẹ̀, nítorí pé ìyá onílé kì í gba ọmọ tó bá gbé eruku wọlé. Bàtà a wà lẹ́nu ọ̀nà, ìdí a wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnu a sì dákẹ́. Ọmọ tó bá sì ti bá ọmọ onílé jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà ti mọ̀ pé fèrèsé yóò tì lálẹ́, a sì ti lọ bẹ̀bẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni à ń wò kì í wòran; ṣùgbọ́n bàbá onílé tí ń wòran lórí àga tìmùtìmù rẹ̀, òun gan-an ni ìran tí ogún ojú tó wà lẹ́yìn fèrèsé ń wò, wọ́n ń wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo bó ṣe ń mi orí, wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ mọ̀ bóyá eré náà dára. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó ráyè rí i a di àgbà ọ̀rọ̀ lójúde. “Ẹ̀yin kò rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lánàá!” ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo etí a sì ṣí sí i, àwọn tí kò rí i a sì dá ẹjọ́ bí ẹni tó rí i.

Ohun tí wọ́n ń rí nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ tiwọn. Fíìmù òyìnbó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníbọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí ń gba imú jáde. Ní 1960, Wọlé Ṣóyínká kọ eré kan tí wọ́n pè ní My Father's Burden, Ṣẹ́gun Olúṣọlá sì darí rẹ̀ fún WNTV. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ojú ilé ni ojú tó wà nínú rẹ̀, àwọn òǹwòran sì rí i pé àpótí náà gba ènìyàn dúdú. Láìpẹ́, àwọn ẹgbẹ́ òṣèré tí ń gun ọkọ̀ kiri ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan: Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀ ará Òṣogbo, Oyin Adéjọbí, àti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Láti ayé Aláàrìnjò, àwọn òṣèré àtijọ́ tí ń ti ìlú dé ìlú, ni òǹwòran Yorùbá ti ń fi ẹsẹ̀ dájọ́: bí eré bá dùn, agbo a ki, bí kò bá dùn, agbo a tú, kò sí ìwé tí a kọ, kò sí ẹni tí a bú. Òṣèré tó wà lójú agbo ń fi ojú ara rẹ̀ rí èrè tàbí àdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá wọ yàrá iná WNTV ní Agodi n'Ìbàdàn, tí iná ń jó o lójú, tí ẹ̀rọ tutù bí òkúta níwájú rẹ̀, níbo ni yóò ti mọ̀ bóyá agbo ki tàbí agbo tú? Kò sí ẹni tó ń ka orí òǹwòran fún un. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń san kò sì tó ohun tí ẹgbẹ́ lè fi gbọ́ bùkátà. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kó padà sójú títì. Yóò ṣe eré lórí amóhùnmáwòrán lóṣù yìí, yóò kó ẹgbẹ́ sínú ọkọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ náà yóò máa fi gbohùngbohùn ké kiri ìlú pé ẹni tí ẹ rí nínú àpótí ti dé fúnra rẹ̀ o, owó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà yóò sì sọ fún un, láìfi epo bọ iyọ̀, ohun tí Ìwó tàbí Ondó tàbí Ìjẹ̀bú-Òde rò nípa rẹ̀. Nípa báyìí, àwọn tó jókòó nílé wòran lọ́fẹ̀ẹ́ ń di àwọn tó sanwó, ìdájọ́ wọn sì ń di oúnjẹ tàbí ebi fún ẹgbẹ́.

Kò sẹ́ni tó jèrè ètò yìí bíi Bàbá Sàlá. Olórin ni ní ìbẹ̀rẹ̀, àní nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá kó tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1960 ó gbá ìlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé àwàdà wọ WNTV. Aago ńlá tí ènìyàn ń gbé kọ́ ògiri ló so mọ́ ara, awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú lọ, táì rẹ̀ tó ìyẹ́ igún, ẹ̀rín ti pa ènìyàn kó tó la ẹnu. Òṣì ni àwàdà rẹ̀, ahun ni àwàdà rẹ̀, ojúkòkòrò ni àwàdà rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òǹwòran fi ń sọ nípa rẹ̀ bí ẹni ń sọ nípa àbúrò bàbá wọn, tí orúkọ rẹ̀ sì di ohun tí a fi ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ tó ju tirẹ̀ lọ.

Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí Ọba Kò So gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun, ní eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, Bodé Wáàsinmi. Ti Oyin Adéjọbí ni Kóòtù Aṣípa, kò sì sí eré tó mọ òǹwòran Yorùbá jù ú lọ, nítorí pé ẹjọ́ ilé ni wọ́n ń gbé wá síwájú adájọ́ níbẹ̀, ẹjọ́ ọkọ àti aya, ẹjọ́ ogún àti gbèsè, irú èyí tó wà ní gbogbo agboolé. Àwọn tó ń wò ó a ti dá ẹjọ́ tiwọn kí ti inú àpótí tó dá tirẹ̀. Bí méjèèjì kò bá ṣe déédéé, ìjà dé nìyẹn, ìyàwó a máa gbè sẹ́yìn aya inú eré, ọkọ a máa gbè sẹ́yìn ọkọ, oúnjẹ a sì tutù sínú abọ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì wá di ẹlẹ́jọ́ níwájú àwọn tí kò lè gbọ́ ohùn wọn.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ nípa agbára ẹnu òǹwòran wá láti inú eré tí a kò fi Yorùbá ṣe. Ṣẹ́gun Olúṣọlá kan náà ló dá Village Headmaster sílẹ̀. Rédíò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí amóhùnmáwòrán ní Èkó ní 1968, ó sì tẹ̀ síwájú títí di 1988. Ìlú Ọjà ni wọ́n pe ìlú inú eré náà, Dejumọ Lewis ni Kábíyèsí, Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Ẹlẹ́yinmi, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sì ń pààrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson, Justus Esiri. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ ilé yìí lọ sí ilé tọ̀hún, Ibidun Allison ló ń ṣe é, Amebo ni wọ́n ń pè é. Òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ṣùgbọ́n olófòófó inú eré yìí gba ohun tó ju ẹgbàá lọ: àwọn òǹwòran mú orúkọ rẹ̀ jáde nínú àpótí, wọ́n fi ń bá aládùúgbò wọn wí, títí tó fi di ọ̀rọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ lónìí. Àwọn ọmọdé tí a bí lẹ́yìn tí eré náà ti parí ń pe ara wọn ní amebo láìmọ̀ pé ènìyàn ni í ṣe rí. Èwo ni òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn òkìkí eré tó ju èyí lọ?

Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1970 àti 1980, owó epo ti gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá mẹ́kúnnù, ìjọba àpapọ̀ sì ti kó gbogbo ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ sábẹ́ NTA. Fèrèsé sinmi, òrùlé gba iṣẹ́: ẹnìkan a gun òkè lọ yí àńtẹ́nà, ẹnìkan a dúró lẹ́nu ọ̀nà bí alárinà, àwọn tó wà nínú yàrá a máa ké pé “Ó ti mọ́! Dúró bẹ́ẹ̀! Háà, ó ti lọ!” Bí ó bá wá ku ọ̀rọ̀ kan péré kí àṣírí tú, NẸ́PÀ a mú iná lọ, ìpòṣé a gba àdúgbò kan, ọmọdé a sì sáré lọ sí ilé ẹni tó so tirẹ̀ mọ́ bátìrì ọkọ̀ kó lè mú ìparí eré náà wálé. Ìparí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni eré kan máa ń ní ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ mẹ́ta ni a rán.

Lẹ́yìn 1986 tí ọrọ̀ ajé dẹnukọlẹ̀, òwò wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré gbọ́dọ̀ wá ilé-iṣẹ́ tí yóò san owó rẹ̀, ọjọ́ tí ọlọ́jà bá sì kó ẹrù rẹ̀, eré parí nìyẹn, bó ti wù kí òǹwòran ké tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí ẹnu ayé bá pọ̀ lórí eré kan, ọlọ́ṣẹ àti onípara kì í jìnnà sí i: Checkmate tí Amaka Igwe kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 mú kí ojú pópó dá, Super Story ti Wálé Adénúgà sì wọlé ní 2001, ó fún wa ní Tóyìn Tòmátò, orúkọ mìíràn tó tún jáde kúrò nínú àpótí. Lónìí, a ń fi fóònù dìbò, ẹ̀rọ sì ń ka orí òǹwòran bí olùkọ́ ti ń ka orí akẹ́kọ̀ọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n iye orí kì í sọ ohun tó wà nínú orí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé wa, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìtọ́jú fíìmù ní WNTV. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú eré àkókò náà ni a kò rí mọ́, téèpù wọ́n nígbà náà, wọ́n a sì máa ká tuntun lé ògbólógbòó lórí. Àpótí gbàgbé. Ibì kan ṣoṣo tí púpọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyẹn kù sí ni ẹnu àwọn tó wò wọ́n, ẹnu kan náà tó jẹ́ òṣùwọ̀n wọn lánàá ló wá di àpótí ìpamọ́ wọn lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dúró lójú fèrèsé ní 1959 ti pé ọgọ́rin ọdún ní 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ òní, ẹ tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú fóònù yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí Bàbá Sàlá ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Wọn yóò sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wọn lésì.