Orin Arìnrìn-àjò ní Àpápá

Ní 1926, nígbà tí èbúté ńlá Àpápá ṣílẹ̀kùn fún ọkọ̀ òkun, ni Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ibẹ̀ gba àlejò, tó sì ń fi ibẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ sọ́nà àjò. Ní ti orin, ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1935, ni asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó, tí okùn ń gbé ohùn Lọ́ńdọ̀nù wọ iyàrá ẹni tó bá san owó oṣù. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ti kúrò nídìí okùn, orin tán. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé orin wọ ọkọ̀ òkun Aureol, tí ilé iṣẹ́ Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí í fi ná Èkó sí Liverpool ní 1951, ní láti fi aṣọ wé àwo orin rẹ̀ dáadáa, nítorí ẹlẹgẹ́ ni.

Kásẹ́ẹ̀tì ló tú arìnrìn-àjò sílẹ̀. Òun ló gbé orin galala ti olórin Daddy Showkey kúrò ní Ajégúnlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Bí téèpù rẹ̀ bá sì túká, bírò la fi ń ká a padà.

Lónìí, okùn tún ti dé, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ fi ń gbọ́ orin. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun, MainOne àti SAT-3 lára wọn, já nítòsí Abidjan. Ẹni tí orin rẹ̀ wà nínú mẹ́mọ́rì kádì kò sì mọ̀ ọ́n lára. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Ẹ̀yin arìnrìn-àjò, ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì wá orin tuntun, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tọ́jú ààyò yín sínú fóònù.