Ta Ló Ń Pinnu Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Sáíkọ́lọ́jì Gbọ́dọ̀ Kọ́?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ rí ní yunifásítì mọ̀ pé oríṣi méjì ni kọ́ọ̀sì: èyí tó wù wá àti èyí tó jẹ́ kànńpá. Èyí tó wù wá kì í pọ̀. Kànńpá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, la ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má bínú pé àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ń yọjú sí oko olóko. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ó ti rí lójú lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì dàgbà púpọ̀. Abẹ́ fìlọ́sọ́fì ló wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1879 tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ láti Amẹ́ríkà lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé àṣà yàrá ìwádìí padà sílé. Ní 1892, wọ́n dá ẹgbẹ́ APA sílẹ̀. Àtìgbà náà ni àríyànjiyàn kan ti wà láàárín wọn tí kò tíì tán: ṣé ẹ̀rọ àti ìṣirò ni ká fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni, àbí ìgbé ayé èèyàn gan-an?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò wọ́ lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà, nítorí ìjọba ń sanwó ilé ìwé fún àwọn sójà tó padà dé. Ìgbà yìí ni àwọn olùkọ́ rí i pé ó yẹ káwọn fẹnu kò. Ní 1951, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní Yunifásítì Cornell, Dael Wolfle ni olórí wọn, ìwé àbọ̀ wọn sì jáde ní 1952. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gba kọ́ọ̀sì ìfáárà, kó wá kọ́ àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí ìṣirò statistics wà lára wọn, kó tó dé orí àwọn tó jinlẹ̀. Wọ́n tún sọ ohun kan tó ṣì ń ya àwọn òbí lẹ́nu dòní: dìgírì àkọ́kọ́ kì í sọ èèyàn di oníṣẹ́ sáíkọ́lọ́jì. Ìmọ̀ ló wà fún, iṣẹ́ ṣì wà níwájú.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Cornell pàdé, ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó. McKeachie àti Milholland ló kọ ìwé àbọ̀ tiwọn jáde ní 1961, ìwé yìí sì wù wá nítorí òótọ́ inú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Wọn ò rí i. Mẹ́ta ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú èyí tó bá a lára mu. Wọ́n tún pàdé ní Maryland ní 1991. Nígbà tó di 2007, APA fúnra rẹ̀ gbé ìlànà jáde, ó ka góńgó mẹ́wàá tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lé bá. Ní 2013 ó sọ ọ́ di márùn-ún. Ẹ̀kẹta jáde ní 2023. Ohun tí wọ́n ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ti yí padà: kì í ṣe “kọ́ọ̀sì wo lo gbà?” nìkan mọ́, ó ti di “kí lo lè ṣe?” Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lásán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka tó bá kọ etí ikún sí i, APA ò ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ni. Òfin kẹrìndínlógún ti ọdún 1985, lábẹ́ ìjọba ológun, ló fún àjọ NUC lágbára láti fi ìwọ̀n tó kéré jù lọ lélẹ̀ fún gbogbo dìgírì. Ìwé ìlànà àkọ́kọ́ jáde ní 1989, BMAS tẹ̀ lé e ní 2007. Ẹ̀ka tó bá kùnà àyẹ̀wò NUC kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ wa fi máa ń sáré kiri bí àyẹ̀wò bá ti ń bọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni CCMAS dé. NUC kọ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀, ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde níwájú wa rántí bí GST ṣe pọ̀ tó. Ó ti dín kù, àwọn kọ́ọ̀sì okoòwò tó ń jẹ́ ENT sì ti gba àyè tiwọn. ASUU fajú ro. Wọ́n ní iṣẹ́ Sẹ́nétì ni NUC gbà ṣe, pé ta ló ní kí wọ́n máa bu ìdá 30 fún onílé nínú ilé rẹ̀? A gbà pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Síbẹ̀, ìdá 30 ọ̀hún ti wà nílẹ̀, ohun tí a ó fi kún un ló jẹ wá lógún.

Ẹ wo Aro ní Abẹ́òkúta. Láti 1954, Adéoyè Lámbò ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Òun àti àwọn olùwádìí láti Cornell, Cornell kan náà, gbé ìwé jáde ní 1963 lórí àìsàn ọpọlọ láàárín Yorùbá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìbi èèyàn ní ìbéèrè, èdè ni a sì fi ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹrin tó gbé ìwé ìbéèrè lọ sọ́jà Bódìjà fún pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, depression, ni yóò túmọ̀. Ṣé kó ní “ṣé inú yín máa ń bàjẹ́?” ni, àbí “ṣé ọkàn yín máa ń rẹ̀wẹ̀sì?” Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Inú lè bàjẹ́ láàárọ̀ kó dùn lọ́sàn-án. Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì kì í yá bọ̀rọ̀. Ìyá aláta lè fi “a dúpẹ́” dá a lóhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ò kan ojú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sì bi í bóyá ó ti ro ikú rí, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” ni yóò gbọ́. Àdúrà nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kó fàmì sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Statistics ò lè bá a yanjú ìyẹn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yọ statistics kúrò. Ohun tí a ń béèrè ni kọ́ọ̀sì oníyúníìtì méjì nínú ìdá 30 yẹn, tí ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì àti ẹ̀ka Yorùbá yóò jọ kọ́: bí a ṣe ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè, bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ tó wúwo lọ́wọ́ àgbà, àti ohun tí èèyàn ń sọ nígbà tó bá ní ara òun wúwo tàbí ọkàn òun pòrúúrùú. Ẹ̀yin alúmínáì tí ẹ wà nínú Sẹ́nétì, ẹ̀yin là ń wò.