Ṣé Ó Yẹ Ká Da Omi Gbígbóná Sínú Asẹ́ Omi Oníke?

Ẹnìkan bi mí pé ṣé ó burú tí òun bá da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú asẹ́ omi oníke, nítorí òun ò ráyè dúró kó tutù. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ọdún 1891 ni Aleksandr Dianin, ará Rọ́ṣíà, kọ́kọ́ ṣe kẹ́míkà tí à ń pè ní BPA lónìí. Ní 1936, Edward Charles Dodds ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá oògùn tó lè ṣe iṣẹ́ estrogen. Ẹ̀yin náà mọ iṣẹ́ yẹn: òun ló ń mú ọmú ọmọbìnrin yọ, tó sì ń darí nǹkan oṣù. Ó dán BPA wò lára eku. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò lágbára tó, ó bá pa á tì nígbà tó rí òmíràn tó lágbára jù ú lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn o, nítorí 1953 ni wọ́n tó fi BPA ṣe ike polycarbonate ní Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kì í sì í fọ́ bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di fídà ọmọ, ìgò ńlá orí dispẹ́nsà, àti ara àwọn asẹ́ omi kan. Ká sọ pé mo wà níbẹ̀, èmi náà ì bá rà á.

Ogójì ọdún kọjá. Àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Stanford rò pé àwọn rí estrogen lára ìwúkàrà. Wọ́n wá a títí. Àṣé inú omi ló wà! Omi tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ nínú ìgò polycarbonate ni, nínú irú ẹ̀rọ tí àwa nọ́ọ̀sì fi ń se ohun èlò wa. Ooru ló fa BPA jáde. Ní 1993 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀. Síbẹ̀, ó di 2011 kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó lé e kúrò lára fídà ọmọ, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2012.

Nítorí náà, ìyá mi, rárá ni ìdáhùn mi. Ẹ jẹ́ kí omi tutù nínú ìkòkò tí ẹ fi sè é. Bí ẹ bá rí PC ní ìdí ike náà, omi tútù nìkan ni kó máa wọ inú rẹ̀; èyí tó bá ti há tàbí tó ti ṣú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ “BPA-free” sí i, ẹ má tíì jó: àwọn kan fi BPS rọ́pò rẹ̀, ìwà àwọn méjèèjì sì jọra.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ asẹ́ omi rẹ̀ nù nítorí ọ̀rọ̀ mi o! Kọ́lẹ́rà lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ ṣáà fi ọmọrí dé ìkòkò omi náà títí yóò fi tutù, kí eṣinṣin má bà á.