Wẹ́tìẹ̀: Ọ̀rọ̀ Tó Fi Ikú Pamọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó yọ ọfà lápó ní ilẹ̀ Yorùbá ni "wẹ́tìẹ̀". Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń fi ṣe àwàdà lónìí, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àyálò ni. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá "wẹ́tì", ìyẹn ni pé kí nǹkan rin. Ìró tó kẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tàbí ohun tí a fẹ́ ṣe é sí. Àṣẹ ni: ẹ rin ín! Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń rin ín, kì í ṣe omi. Ìṣáná ló sì ń tẹ̀ lé e.

Ìjà òṣèlú ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ Action Group pín sí méjì láàrin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1963. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ NNDP ti Akíntọ́lá, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Dẹ́mọ̀, ló wọlé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ UPGA ní èrú ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da epo sí ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lára, wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Wàhálà náà kò tíì rọlẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun fi dìtẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo gírámà ọ̀rọ̀ náà. Bí Yorùbá bá ń ròyìn ìpànìyàn, a ní lù pa, gún pa, yìnbọn pa. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ló ń ṣíwájú, "pa" á wá kẹ́yìn, kí etí lè gbọ́ ohun tí ọwọ́ ṣe. Nínú "wẹ́tìẹ̀", kò sí "pa", kò sí iná, kò sí epo pàápàá. Rírin nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó tutù ni àwa fi ń tọrọ àlàáfíà: kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1983, wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló borí Adékúnlé Ajáṣin nínú ìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé tún jó, ènìyàn tún kú, kí ilé ẹjọ́ tó dá Ajáṣin láre.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà, ẹ má wulẹ̀ bá a wí. Ẹ ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara: "Ẹ da epo sí i lára, ẹ dáná sun ún pa." Bí ó bá sọ ọ́ tán, ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu rẹ̀.