Ìtọ́jú Òtòṣì àti Aláìlera ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Freetown, 1817–1847

1. Ìfáárà

Nínú èrò Yorùbá, àìlówó nìkan kọ́ ni ìṣẹ́. Àìlénìyàn wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ènìyàn ni aṣọ ẹni. Ní Ìlárá-Mọ̀kín àti àwọn ìlú tí ó yí Àkúrẹ́ ká, agbo-ilé ni ó ń bọ́ arúgbó àti abirùn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àpilẹ̀kọ yìí ń wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ìtọ́jú wọn bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

2. Òfin 1834

Ní 1834, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da àwọn páríìṣì pọ̀ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ láti bójú tó àwọn òtòṣì nínú ilé tí a ń pè ní workhouse. Ìlànà òfin náà ni pé ìgbé-ayé inú ilé yìí kò gbọdọ̀ dára tó ti lébìrà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ níta, kí ó má baà wu alágbára láti wọ̀ ọ́. A ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ aya, a sì ya òbí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ. Lóòótọ́, ilé ara wọn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òtòṣì ti ń gba ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n arúgbó, aláìsàn àti ọmọ òrukàn pọ̀ nínú ilé tí a kọ́ láti fi dẹ́rù ba ọ̀lẹ. Ní 1845, ó hàn pé ebi mú kí àwọn tí a ní kí wọ́n máa fọ́ egungun ní Andover máa jẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ọdún 1847 ni òfin tó gba àwọn tọkọtaya tí ó ti lé ní 60 ọdún láyè láti máa gbé pọ̀.

3. King's Yard àti Kissy

Ní 1817, ìjọba kan náà kọ́ ilé-ìwòsàn àti ibi ààbò sí King's Yard ní Freetown fún àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, tí a ń pè ní Àkú nítorí ìkíni wọn. A ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Alágbára ń lọ sí abúlé, sí ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ tàbí iṣẹ́ ológun. Aláìlera ń lọ sí ilé-ìwòsàn, èyí tí ó wá wà ní Kissy nígbà tó yá.

Ogun àti títà ni ó já àwọn wọ̀nyí kúrò lára ẹbí. Wọ́n kó Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn ní 1821, ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1822, ṣùgbọ́n 1846 ni ó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn tí kò rí irú oore bẹ́ẹ̀ fi ara wọn ṣe ẹbí: àwọn tí ó bá ọkọ̀ kan náà wá di ìyekan, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí ń dáwó láti tọ́jú aláìsàn àti láti sin òkú.

4. Ìkádìí

Èyí kò sọ pé ilé Yorùbá kò ní àbùkù. Adẹ́tẹ̀ ń gbé ẹ̀yìn odi, aláìlénìyàn sì ń ṣagbe lọ́jà. John Iliffe tẹnu mọ́ irú òtòṣì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1987. Ṣùgbọ́n àfiwé yìí fi ìyàtọ̀ kan hàn: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni ó já okùn ìbátan kí ìrànwọ́ má baà wu ènìyàn; ní Freetown, okùn náà ti já, àwọn aláìní fúnra wọn ni ó so ó padà. Ẹni tí yóò bá kọ ìtàn ìtọ́jú aláìlera láàárín Yorùbá kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ìjọba. Ó gbọdọ̀ dé ilé ẹgbẹ́.